Ọyẹ́ Dé: Ṣé Ìyà Jíjẹ Nínú Òtútù Jẹ́ Ìjọsìn?

 

 Ẹni tí ó bá ń gbé Lamingo kò nílò kí akọ̀wé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ọyẹ́ ti dé. Ìlú Jos ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju òkun lọ, àwọn òkè Shere tí ó wà nítòsí wa sì tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí oṣù kọkànlá bá ti ń parí lọ títí di oṣù kejì, atẹ́gùn gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà yóò máa fẹ́, eruku yóò bo ojú òkè, ètè yóò máa bó, gìgísẹ̀ yóò máa là. Òtútù ìdájí a máa lọ sí ìsàlẹ̀ 10 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì nígbà mìíràn. Àwọn ẹbí wa tí wọ́n bá wá kí wa láti Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìlọrin a máa bi wá pé, "Báwo ni ẹ̀yin ará Jos ṣe ń ṣe é?" Àwa a sì rẹ́rìn-ín, a ó ní ara wa ti mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ṣé òótọ́ ni pé ara wa ti mọ́ ọn, àbí ẹnu wa nìkan ni ó mọ́ ọn? Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìtàn tí ó bí ọ̀rọ̀ yìí

Bàbá kan wà nínú àwọn bàbá wa, tí ọjọ́ orí wọn ti ju 70 ọdún lọ. Mọ́sálásí kan náà ni a jọ ń kírun. Bàbá yìí kì í pa ìrun asùbáà jẹ, òjò ìbáà máa rọ̀, ọyẹ́ ìbáà máa mú. Àwọn ọmọ wọn a máa gbé omi kaná fún wọn ní ìdájí, ṣùgbọ́n bàbá a ní kí wọ́n gbé e fún àwọn ọmọ kéékèèké, àwọn yóò rìn dé mọ́sálásí, wọn yóò sì fi omi tútù tí ó ti sun inú táńkì mọ́jú ṣe alùwàlá. Wọn a ní omi tí ó bá ń dun ni ni láádà rẹ̀ pọ̀. Gbogbo wa ni a ń yìn wọ́n. Èmi fúnra mi ti dìde láàárín àwọn ọ̀dọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí mo sọ pé kí wọ́n wo àwòkọ́ṣe.

Ní ìdájí ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, bàbá bọ́ sí ojú alùwàlá. Gílóòbù ibẹ̀ ti jó. Sìmẹ́ńtì ilẹ̀ ibẹ̀ sì ti ń yọ̀ nítorí omi tí ó máa ń dúró sí i. Òtútù ti mú kí ẹsẹ̀ wọn kú tipiri, wọn kò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Wọ́n yọ̀, wọ́n ṣubú, egungun ìbàdí wọn sì dá.

Bàbá kò kú nígbà náà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, wọn kò tún fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá sí mọ́sálásí mọ́ títí tí ọlọ́jọ́ fi dé ní ọdún kejì. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń kírun. Nígbà tí mo lọ kí wọn, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Akọ̀wé, wíwá tí mo ń wá láádà ni mo fi pa ẹsẹ̀ tí mo fi ń lọ wá láádà."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, ohun kan sì tún wà tí ó dùn mí jù ú lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà, ẹnìkan ti sọ ọ̀rọ̀ gílóòbù àti ilẹ̀ tí ń yọ̀ yẹn ní ìpàdé wa. Owó kápẹ́ẹ̀tì tuntun ni a ń kó jọ lọ́wọ́, a sì ní kí a parí ìyẹn ná. Ọwọ́ èmi yìí ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé pé: a gbé e sílẹ̀ di ìpàdé tí ń bọ̀.

Ṣé ìnira ni Ọlọ́hun ń fẹ́?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí: ṣé ìyà tí ara jẹ nínú òtútù jẹ́ ìjọsìn fúnra rẹ̀?

Ẹni tí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe aláìmọ̀kan. Òun náà ní ẹ̀rí. Hádíìsì tí ó fìdí múlẹ̀ wà pé ṣíṣe alùwàlá ní pípé ní àkókò tí ó nira wà lára ohun tí Ọlọ́hun fi ń pa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. A kò lè sọ pé ìyẹn kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí Ànábì ṣe ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ ìnira dé iwájú rẹ̀.

Ó rí ọkùnrin kan tí ó dúró nínú oòrùn. Wọ́n ní Abú Isráìlì ni, ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò dúró, òun kò ní jókòó, òun kò ní wọ abẹ́ ìbòòji, òun kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, òun yóò sì gba ààwẹ̀. Ànábì pàṣẹ pé kí ó jókòó, kí ó wọ ìbòòji, kí ó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí ó parí ààwẹ̀ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará. Nǹkan mẹ́rin ni ọkùnrin yìí ń fi ni ara rẹ̀ lára, ó sì fi ìjọsìn kan mọ́ ọn. Ànábì mú mẹ́rin kúrò, ó fi ọ̀kan sílẹ̀. Ààwẹ̀ náà nira, ṣùgbọ́n ìjọsìn ni. Dídúró sínú oòrùn nira pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìyà lásán ni.

Ẹ tún wo Amru ọmọ Al-Ásì, ẹni tí ó ṣáájú ọmọ ogun lọ sí Dhātu s-Salāsil ní ọdún 8 lẹ́yìn hìjíráà. Òru ọjọ́ kan tutù púpọ̀, jánábà sì mú un. Ó bẹ̀rù pé bí òun bá wẹ̀, òun lè kú. Ó ṣe tàyàmámù, ó sì ṣáájú àwọn èèyàn rẹ̀ kírun. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Ànábì. Amru fi ẹsẹ̀ 29 inú Súúrà An-Nísà'i ṣe ẹ̀rí, níbi tí Ọlọ́hun ti kọ̀ fún wa láti pa ara wa. Ànábì rẹ́rìn-ín, kò sì bá a wí.

Ìkẹta ni ti ọkùnrin kan tí òkúta fọ́ lórí ní ìrìn-àjò. Jánábà mú òun náà, ó bi àwọn tí wọ́n jọ ń lọ bóyá ààyè wà fún òun láti ṣe tàyàmámù. Wọ́n ní kò sí, nígbà tí omi wà. Ó wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí Ànábì gbọ́, inú bí i púpọ̀. Ó ní àwọn ni wọ́n pa á, ó sì bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò béèrè nígbà tí wọn kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí a ń rí ní ọjà Terminus ṣe àlàyé. Alábàárù tí ó ru àpò ìrẹsì láti inú ọkọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, yóò làágùn, yóò sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀nà bá jìn, owó rẹ̀ yóò lé. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ́kọ́ gbé ẹrù náà yí ọjà ká lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, ta ni yóò fi kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀? Ohun tí a gbé dé ibi tí ó yẹ ni a ń san owó lé lórí. Òógùn tí ó bá bá iṣẹ́ rìn ní iyì, èyí tí a dìídì lọ wá kò ní. Àgbà onímọ̀ nì, 'Izzu d-Dīn ọmọ 'Abdu s-Salām, tí ó kú ní ọdún 660 lẹ́yìn hìjíráà, ṣe àlàyé tí ó jọ èyí: ìnira kọ́ ni a fi ń sún mọ́ Ọlọ́hun, nítorí pé ìnira fúnra rẹ̀ kò gbé Ọlọ́hun ga.

Nítorí náà, bí omi tútù nìkan ni a bá rí, tí kò sì ní pa wá lára, kí a fi ṣe alùwàlá, kí a sì retí láádà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi gbígbóná bá wà nínú ìkòkò tí a fi í sílẹ̀ lọ wá omi tútù, àfi kí a ṣọ́ra kí a má baà jẹ́ alábàárù tí ń yí ọjà ká. Ẹ̀sìn gan-an ti fi ìrọ̀rùn sílẹ̀ fún wa: ẹni tí ó fi alùwàlá wọ ìbọ̀sẹ̀ aláwọ lè máa pa á lórí fún ọ̀sán kan àti òru kan bí ó bá wà nílé, ọ̀sán mẹ́ta àti òru mẹ́ta bí ó bá wà ní ìrìn-àjò. Ti tàyàmámù ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Kì í ṣe fún ẹni tí ó kàn ń ya ọ̀lẹ láti dáná. Kí kálukú bi àáfà rẹ̀, kí ẹni tí ara rẹ̀ kò sì le bi dókítà rẹ̀ pẹ̀lú.

"Ọwọ́ Ọlọ́hun ni"

Ẹlòmíràn yóò ní, "Akọ̀wé, ohun tí Ọlọ́hun bá kọ mọ́ni ni yóò ṣẹlẹ̀." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 18 lẹ́yìn hìjíráà, nígbà tí Sáyídínà Umar ń lọ sí ilẹ̀ Shám, ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níbẹ̀, ó sì ní kí wọ́n padà. Abú Ubaydah bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún. Èsì Umar ni pé inú kádàrá kan ni àwọn ti ń lọ sínú kádàrá mìíràn. Bí darandaran bá rí pápá tútù àti pápá gbígbẹ, èyíkéyìí tí ó bá da ẹran rẹ̀ lọ, kádàrá náà ni. Gílóòbù tí ó jó, kádàrá ni. Gílóòbù tuntun tí a bá fi sí i, kádàrá ni pẹ̀lú. Èwo ni a yàn? Àwa yan kápẹ́ẹ̀tì.

Ta ni ó ni ara?

Ìbéèrè kejì: ṣé kì í ṣe ara mi ni, tí mo lè ṣe bí ó ti wù mí?

Ara jẹ́ àmánà, ohun tí a fi ṣọ́ wa ni. Ẹni tí a fi ẹṣin ṣọ́ kò gbọdọ̀ dá a lẹ́sẹ̀ kí ó wá ní àṣírí òun pẹ̀lú ẹṣin ni. Yàtọ̀ sí èyí, àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ tún mọ ohun kan tí ará ilé lè máà mọ̀. Bí ẹnìkan bá ṣubú láàárín wa, kì í dá ṣubú. Ọmọ yóò pa iṣẹ́ tì, ìyàwó yóò pa ọjà tì, ẹgbẹ́ yóò da owó, wọn yóò ránṣẹ́ sí ilé. Ní ti bàbá wa yìí, ọmọ wọn obìnrin kan kó ọjà rẹ̀ kúrò fún oṣù mẹ́rin kí ó lè máa gbé wọn dìde. Kò ráhùn, ṣùgbọ́n ta ni ó ka iye tí ó ná an? Ẹni tí ó bá ń ṣọ́ ara rẹ̀ nínú ọyẹ́ kì í ṣe onímọtara-ẹni-nìkan. Àwọn tí yóò gbé e ni ó ń ṣàánú.

Bí a ṣe lè ṣọ́ àmánà yìí

Ó yẹ kí a mọ ohun tí òtútù ń ṣe sí ara. Bí òtútù bá mú wa, iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà yóò fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò sì ru sókè. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru má ṣe fi oògùn rẹ̀ ṣeré ní àsìkò yìí. Kí ó má ṣe fò dìde lórí ibùsùn. Kí ó jókòó díẹ̀ ná, kí ó wọ aṣọ, kí ó tó dìde. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS wà nínú ewu jù, nítorí òtútù àti àìmu omi tó lè mú kí ìrora eegun bẹ̀rẹ̀. Kí a wé e mọ́ aṣọ dáadáa, kí a má ṣe fi omi tútù wẹ̀ ẹ́, kí a sì máa fún un ní omi mu bí kò tilẹ̀ béèrè. Ọyẹ́ a máa fa omi lára gbogbo wa, ṣùgbọ́n òùngbẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ wá nínú òtútù.

Ọ̀rọ̀ èédú ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù. Ẹ má ṣe gbé àdògán eléèédú wọ yàrá kí ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé sùn. Èédú tí ń jó ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí a kò lè fi ojú rí, tí kò sì ní òórùn. Yóò gba àyè afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tí ó ń sùn yóò kàn máa sùn lọ ni. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín nínú yàrá tí èédú wà, ẹ jáde síta kíákíá. Jẹnẹrétọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ nínú ilé tàbí lẹ́bàá fèrèsé ń ṣe bákan náà.

Òtútù a máa mú wa ti fèrèsé, a ó sì tò jọ bí ẹja inú agolo. Ibẹ̀ ni àrùn yírùnyírùn ti ń rí wa mú. Eruku àti atẹ́gùn gbígbẹ ń ha inú imú àti ọ̀fun, kòkòrò àrùn náà yóò sì rí ọ̀nà wọlé. Ní ọdún 1996, ó lé ní 100,000 èèyàn tí àrùn yìí mú ní Nàìjíríà, ó sì lé ní 11,000 tí ó kú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní àgbáyé tí ó lo abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun tí ń dènà oríṣi márùn-ún nínú kòkòrò àrùn náà. Bí wọ́n bá gbé abẹ́rẹ́ dé àdúgbò yín, ẹ mú àwọn ọmọ jáde. Ẹ fi fèrèsé sílẹ̀ díẹ̀ lálẹ́. Bí ibà bá sì dé pẹ̀lú orí fífọ́ àti ọrùn tí ó le gan, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Jos wà ní Lamingo wa níbí. Kò yẹ kí àwa pẹ́ dé ibẹ̀.

Ó tún ku ti àwọn tí ọyẹ́ bá dé tí wọ́n wé ara wọn mọ́ aṣọ bí ẹ̀kọ, tí wọ́n jókòó sójú kan títí òjò fi padà dé. Oríkèé tí kò bá rìn yóò gan, ẹni tí oríkèé rẹ̀ gan ni ilẹ̀ ń yára gbá mú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀. Bí a bá rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún, ó ti pé. Kí àwọn àgbà dúró kí oòrùn là díẹ̀ kí wọ́n tó jáde rìn. Bí eruku bá pọ̀, kí wọ́n rìn nínú ọgbà ilé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ kọ́kọ́ sáré jẹ́jẹ́ kí ara gbóná, nítorí iṣan tí ó tutù ni ó ń tètè já. Kí kálukú fi òrí tàbí àdí àgbọn pa ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ẹsẹ̀ tí epo wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ dídán.

Ṣé a lè fi ipá mú àgbà?

Ìbéèrè tí ó kù ni ó le jù. Bí àgbà bá kọ̀ ńkọ́? Ọmọ kékeré, a ó wọ aṣọ fún un, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Ṣùgbọ́n bàbá ẹni kì í ṣe ọmọ ẹni. Kò yẹ kí a fi ojú ire du àgbà ní ọ̀wọ̀ rẹ̀, kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kí ó má lọ sí mọ́sálásí. Àwọn baba wa sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọ́n tún sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni ó ń mu. Báwo wá ni òkété yóò ṣe mu ọmú láìtẹ́?

Ànábì rí àgbàlagbà kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ méjì gbé ọwọ́ rẹ̀ lé èjìká, tí ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ. Wọ́n ní ó jẹ́jẹ̀ẹ́ láti fi ẹsẹ̀ rìn dé Ilé Ọlọ́hun ni. Ànábì ní Ọlọ́hun kò fi ìyà tí ó ń fi jẹ ara rẹ̀ ṣe nǹkan kan, ó sì ní kí ó gun ẹran. Kò ní kí ó padà sílé. Ìrìn-àjò náà dúró, ìyà rẹ̀ nìkan ni ó mú kúrò.

Ohun tí ó yẹ kí a ti ṣe fún bàbá wa nìyẹn. A kò nílò láti bá wọn jà lórí omi tútù. Bí a bá ti gbé omi gbígbóná sí ojú alùwàlá fún gbogbo èèyàn, tí lèmọ́ọ̀mù àti èmi sì kọ́kọ́ bù ú, bàbá kì bá tí rò pé ti aláìlera ni. Bí a bá ti rán ọ̀dọ́ kan kí ó máa fi tọ́ọ̀ṣì bá wọn rìn, wọn ì bá pè é ní iyì. Àwa yìn wọ́n, a kò sì tan iná fún wọn. Ìyìn kò náni ní kọ́bọ̀, gílóòbù ni ó ń náni lówó.

Nísinsìnyí, iná wà ní ojú alùwàlá náà, a ha ilẹ̀ rẹ̀ kí ó má yọ̀ mọ́, irin tí èèyàn lè dì mú sì wà lára ògiri. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá owó kápẹ́ẹ̀tì. Mo rọ gbogbo ilé àti gbogbo mọ́sálásí wa ní àdúgbò yìí: kí asùbáà ọ̀la tó dé, ẹ wo ojú alùwàlá yín. Ẹ wo gílóòbù, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò. Ẹ ronú nípa ládàánì tí ó ń ṣáájú gbogbo wa jáde nínú òtútù, àti ọlọ́dẹ tí ó ń ṣọ́ wa mọ́jú, bóyá wọ́n ní kóòtù tí ó nípọn. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé ìpàdé, ẹ má ṣe jẹ́ kí akọ̀wé kọ ọ́ pé a gbé e sílẹ̀ di ìpàdé tí ń bọ̀.

Kí Ọlọ́hun forí jin bàbá wa, kí Ó fi Àlùjánnà kẹ́ wọn. Kí Ó dárí jin àwa tí a mọ̀ tí a kò ṣe. Kí Ó mú wa la ọyẹ́ yìí já pẹ̀lú ara líle, kí a má ṣe rí àgbákò nílé, lóko àti lójú ọ̀nà. Àmín.